Omi Tí Funfun-Báláú Dà Nù

Ọkùnrin kan wà tí omi jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ọjọ́ kan sì dé tí ọ̀rẹ́ náà fẹ́ dójú tì í níwájú aya àti ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn nìyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Alágbàfọ̀ ni ọkùnrin náà. Funfun-Báláú ni àdúgbò ń pè é, nítorí aṣọ funfun tó bá tọwọ́ rẹ̀ jáde, bí wọ́n bá sá a sóòrùn, àfi kí èèyàn fọwọ́ ṣíji bojú kó tó lè wò ó. Kí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó gba ìlú kan, òun ló ń fọ aṣọ tábìlì ilé ìtura tó wà ní ìkóríta, òun ló sì ń fọ ẹ̀wù àwọn dókítà. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ọ̀pọ̀ oníbàárà bá ẹ̀rọ lọ, àmọ́ àwọn kan ò lọ, àwọn tó mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í béèrè lọ́wọ́ aṣọ pé, "Ibo ló ń dùn ọ́?" Funfun-Báláú a máa béèrè. Á gbé ṣẹ́ẹ̀tì sókè, á wo abẹ́ apá rẹ̀, á wo ọrùn rẹ̀, á mirí bí oníṣègùn, á ní, "Ẹni tó ni ọ́ yìí, ìdùbúlẹ̀ ló ti ń jẹun." Bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, pẹ̀lú tábìlì gígùn tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò, àti okùn tí wọ́n fà láti ògiri dé ògiri, tí ẹ̀wù àwọn èèyàn so rọ̀ sórí rẹ̀ bí àwọn tó ń tò fún nǹkan. Òkè ni yàrá àti pálọ̀ wà, àti ilé ìdáná tóóró kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Funfun-Báláú ti máa ń fọṣọ. Ìyàwó rẹ̀, tí òun ń pè ní Ìyá Ọmọ, a máa dúró sójú fèrèsé yẹn, a máa gé àlùbọ́sà, a sì máa ju ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà a máa dá a lóhùn láàárín ìfófòó ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ òkè, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe lo ìgbéyàwó wọn dọjọ́ ogbó nìyẹn.

Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó sílé náà ni ìyàwó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò mi, èmi náà ò ní fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù yín. Ẹni tó bá rú òfin yìí, kó jẹ oúnjẹ tó jóná, kó sì wọ aṣọ tó jóná." Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ló bá jẹ́ pé títí irun orí àwọn méjèèjì fi funfun, Funfun-Báláú ò mọ ibi tí iyọ̀ ń gbé nínú ilé ara rẹ̀.

Ni òtútù àyà bá wá dá Ìyá Ọmọ wólẹ̀. Ó pẹ́ nílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, dókítà ní àìsàn ti tán lára rẹ̀, pé oúnjẹ ló kù, kó máa jẹun, kó sì máa dìde rìn. Lóòótọ́ ni àìsàn ti lọ, àmọ́ kò kó ẹrù rẹ̀ tán. Ìyá Ọmọ á dùbúlẹ̀, á dojú kọ ògiri. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á fi ṣíbí kan kan ètè, á taari àwo. "Gbogbo nǹkan ló ń korò lẹ́nu mi," lohun tó máa ń wí, kò sì ní wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tó jẹ́ pé tó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ẹyẹ orí òrùlé á sinmi!

Fèrèsé ilé ìdáná wá di títì. Funfun-Báláú ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, ó ń gbójú sókè, kò rí ẹnì kan. Ó ń fọ̀, ó ń ṣan, ó ń sá, gbogbo ẹ̀yìnkùlé wá dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti lọ ìsinmi. Kì í ṣe pé wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ gidi kan tẹ́lẹ̀ o. "Òjò ń bọ̀." "Mo ti rí i." Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni. Àmọ́ èèyàn ò mọ ìwúlò "mo ti rí i" àfi ìgbà tí kò bá gbọ́ ọ mọ́.

Ọmọ kan ni wọ́n bí, obìnrin ni, onídìrí ni ní ìlú kejì. Lọ́jọ́ Àìkú kan ó wọ bọ́ọ̀sì wá, ó gbé odindi tòlótòló yíyan dání nínú páànù ńlá tó fi yan án, ó fi aṣọ dì í, ó wọnú ilé pẹ̀lú òórùn dídùn níwájú àti òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn. Ó gé itan fún ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́."

"Mo ti jẹ."

"Kí lẹ jẹ níbẹ̀? Ẹ kàn fẹnu kàn án ni, bí ẹni ń fẹnu ko ọmọ ẹlòmíì lẹ́nu!"

"Ó dùn, ọmọ mi. Gbé e lọ."

Ọmọ gbé àwo kúrò. Ó pe bàbá rẹ̀ síta, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n jókòó sí. Báàgì ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfìfo, aláwọ̀ búlúù.

"Bàbá mi, kí lẹ ń fún wọn jẹ láàárọ̀?"

"Búrẹ́dì."

"Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Búrẹ́dì náà ni. Àmọ́ mo máa ń rẹ ti ọ̀sán sínú tíì."

"Ti alẹ́ ńkọ́?" Bàbá ń họrí. Ọmọ mí kanlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ má bínú sí mi. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù mi, Ọjọ́bọ̀ ni mò ń padà bọ̀. Báàgì yìí, mo fi í sílẹ̀ níbí. Tí mo bá dé tí Màámi ṣì dojú kọ ògiri bẹ́ẹ̀, aṣọ wọn ni mo máa dì sínú ẹ̀, wọ́n á bá mi lọ. Kì í ṣe pé ẹ̀yin ò ṣe dáadáa. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Bàbá wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀ tí omi ti hun jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ọmọ sọ. Ṣé òun lè ti ṣọ́ọ̀bù kí òun bá wọn lọ? Yàrá kan ni ọmọ ń gbé, bẹ́ẹ̀dì kan ló sì wà níbẹ̀. "Mo ti gbọ́," ló wí.

Ọmọ fi báàgì kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, ìṣó tí fìlà Funfun-Báláú máa ń wà, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, ojú báàgì yìí ni ọkùnrin náà ń jí bá. Ó kọ́ síbẹ̀ gẹ̀lẹ̀tẹ̀ bí àna tí kò fẹ́ lọ sílé.

Ọ̀rẹ́ Funfun-Báláú kan wà tó ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀. Aláago lásán ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin aláròyé ni, ó fẹ́ràn kí ó máa bá aago wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Òun àti Funfun-Báláú ló jọ ń jẹ tòlótòló náà látọjọ́ Àìkú, wọ́n ń fi búrẹ́dì gbé e. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀, eegun ló kù nínú fíríìjì, àti ẹran wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Funfun-Báláú ti gbé e, ó ń wá ibi tó máa jù ú sí, ni Aláago bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé orí ẹ pé? Eegun ẹyẹ yíyan lo fẹ́ jù nù, tí aláìsàn sì wà nínú ilé?"

"Kí ni aláìsàn fẹ́ fi eegun ṣe? Ẹran gan-an ò lè jẹ."

"Ọbẹ̀ olómi! Èyí tí ìyá mi ń sè fún wa nígbà tí ibà bá mú wa. Wàá da omi lé eegun lórí, wàá fi àlùbọ́sà sí i, wàá jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, kó pẹ́ dáadáa. Aláìsàn tó bá gbọ́ òórùn ẹ̀ tí kò dìde, kí wọ́n yáa lọ pe káfíńtà."

"Ẹnu ẹ burú!"

"Ẹnu mi burú, àmọ́ imú mi dáa. Lọ sè é."

Ni Funfun-Báláú bá jí ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí àlejò. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ṣí àpótí kan, ó rí ìrẹsì. Ó ṣí òmíràn, ó rí ṣíbí. Ìkẹta ló ti rí iyọ̀, ó sì kí i bí ẹni tó pàdé ará ilé tí wọn ò jọ sọ̀rọ̀ rí. Ó gbé ìkòkò tó tóbi jù, ó ní, "Má bínú, ìwọ ìkòkò, ọ̀ràn ló dé."

Ẹ wò ó bó ṣe ṣe é, nítorí ẹ̀bi rẹ̀ ò sí níbẹ̀rẹ̀. Ó ya eegun tòlótòló sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni ń ya aṣọ funfun kúrò lára aláwọ̀: ẹran tó já lára rẹ̀ wà nínú abọ́ kan, awọ wà nínú òmíràn, eegun nìkan ló wọ ìkòkò. Ó bu omi tútù lé e títí tó fi bò ó mọ́lẹ̀. Ó la àlùbọ́sà sí méjì, ó gé kárọ́ọ̀tì sí i, ó tan gáàsì. Nígbà tí omi fẹ́ẹ́ máa hó, tí ìfófòó eérú gòkè wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìfófòó! Ṣé ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́ ní ìfófòó ni òun? Ó fi ṣíbí gbọ́n ọn kúrò, ó gbọ́n ọn kúrò, títí ojú omi fi mọ́. Ó sì rẹ iná sílẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé aṣọ onírun, bí o bá fi iná halẹ̀ mọ́ ọn, á súnkì mọ́ ọ lọ́wọ́. Ó ní eegun náà kò ní fẹ́ ariwo. Kò sí ìyá àgbà kankan tí ì bá bá a wí títí dé ibẹ̀ yẹn.

Omi náà ń hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Òórùn rẹ̀ jáde nílé ìdáná, ó la pálọ̀ kọjá, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá. Funfun-Báláú ò mọ̀, àmọ́ Ìyá Ọmọ tó dojú kọ ògiri ti la ojú. Kò yíra padà. Imú rẹ̀ nìkan ló ń yíra.

Nígbà tó pẹ́ dáadáa, ọkùnrin náà ṣí ìdérí. Omi ti yí padà. Ó ti pọ́n bí oyin, ọ̀rá ń tàn lójú rẹ̀ wínniwínni. Eegun tó wà nísàlẹ̀ ti funfun, kò ku ẹyọ ẹran kan lára rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ ti tan olówó rẹ̀ jẹ. Nítorí kí ni ojú alágbàfọ̀ rí? Ojú alágbàfọ̀ rí omi tó ti ṣú, ó rí eegun tó ti mọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń rẹ aṣọ sómi gbígbóná, bí omi bá ti ṣú bẹ́ẹ̀, ayọ̀ dé nìyẹn: ìdọ̀tí ti jáde, dà á nù, gbé omi tuntun wá kí o fi ṣan án. Ọkàn rẹ̀ ò tilẹ̀ dá sí i. Ọwọ́ ló ṣe é. Ọwọ́ gbé asẹ́ sínú síńkì, ọwọ́ fi aṣọ di etí ìkòkò mú, ọwọ́ da gbogbo rẹ̀, gbuuuu! Èéfín gòkè. Omi oníwúrà yìí wọ ihò síńkì lọ, ó ń dún gòdògòdò bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́. Funfun-Báláú gbé asẹ́ sókè, ó gbọn eegun lẹ́ẹ̀kan, ó gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì kí omi tó kù lè ro dànù dáadáa.

Gbogbo ìró ilé ìdáná yẹn ni Ìyá Ọmọ mọ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀.

"Bàbá Ọmọ!" Ohùn tó ti yàrá jáde yẹn, ó ti pẹ́ tí ilé ti gbọ́ irú rẹ̀. "Kí lẹ dà nù yẹn?"

"Má ṣèyọnu! Omi ìdọ̀tí ni! Ó ti mọ́ báyìí!"

Lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀dì ké. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó ń wọ́, ó dúró, ó tún ń wọ́. Nígbà tí Funfun-Báláú máa fi yíjú, ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, ó fi ọwọ́ kan di ara ilẹ̀kùn mú. Ó wo ìkòkò òfìfo. Ó wo asẹ́ tí eegun ti ń ru èéfín, funfun báláú. Ó wá wo ọkọ rẹ̀, tó nà ró bí ẹni tó gba ẹ̀bùn níléèwé.

"Ọbẹ̀ dà?" ló béèrè.

"Òun ni mo gbé dání yìí. Ó kù kí n fi omi mímọ́ ṣan án."

Ìyá Ọmọ la ẹnu. Ọkọ rò pé ẹkún ló fẹ́ sun. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó tẹ orí mọ́ ara ilẹ̀kùn, àṣé ẹ̀rín ni! Ẹ̀rín tó ti dì sínú obìnrin yìí látìgbà tó ti ń ṣàìsàn, gbogbo rẹ̀ ló tú jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a lẹ́nu, ó wúkọ́ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ fọ̀ ọ́! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá wo ọkọ mi, ó fọ ọbẹ̀! Ṣé ẹ ò ní fi sítáàṣì sí i? Ṣé ẹ ò ní sá a lókùn?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó wá yé Funfun-Báláú. Ó wo ihò síńkì. Ó wo eegun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná bí àpò tí wọ́n tú nǹkan inú rẹ̀ dà, kò sì bá a rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀sán yìí ni ọmọ rẹ ń bọ̀," ó ní. "Báàgì ti wà nílẹ̀."

"Báàgì wo?"

Kò sí ẹni tó sọ fún Ìyá Ọmọ tẹ́lẹ̀. Ó ti rí báàgì lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tó ń lọ ilé ìtọ̀, ó rò pé irun títà ni ọmọ fi pamọ́ síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wá rò fún un, gbólóhùn kan, gbólóhùn kan, ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì wá jókòó sórí àtẹ̀gùn," ni Ìyá Ọmọ wí, "ẹ ń pín mi bí ogún, èmi tí mo ṣì ń mí nínú yàrá?"

"Ọ̀rọ̀ ọmọ náà dùn mí, àmọ́ kò parọ́. Mi ò mọ oúnjẹ í sè. Ìwọ náà rí i."

"Mo rí i. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú." Ó fẹ́ tún rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. "Ẹ dìde nílẹ̀. Ẹ gbé àpótí ìjókòó wá fún mi."

Ó jókòó sórí àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó tún bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ró. Ojú rẹ̀ ti là kedere.

"Ẹ dá eegun padà sínú ìkòkò."

"Ó ti mọ́ tán ńkọ́?"

"Kò tíì mọ́. Eegun dà bí ahun: èyí tó kọ́kọ́ fún yín kọ́ ni gbogbo ohun tó wà lápò ẹ̀. Àfi kí ẹ fọ́ ọ. Kí lẹ máa fi fọ́ ọ báyìí? Ọmọ odó ti wà lọ́dọ̀ ìyàwó oníbúrẹ́dì."

Funfun-Báláú ronú, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tó máa gòkè padà, áyọ́ọ̀nù èédú àtijọ́ ló gbé dání, èyí tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ó nu ìdí rẹ̀, ó fi aṣọ funfun mímọ́ wé eegun, ó sì sọ áyọ́ọ̀nù lé e lórí, gbì! gbì!

"Áyọ́ọ̀nù wọ ilé ìdáná mi," ni Ìyá Ọmọ wí. "Òfin ti bàjẹ́ pátápátá."

"Ìwọ lo ní kí n fọ́ ọ."

"Mi ò sọ pé kí ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ máa fọ́ ọ lọ."

Eegun fífọ́ padà sórí iná pẹ̀lú omi díẹ̀ àti awọ tó wà nínú abọ́. Ìyá Ọmọ ronú díẹ̀.

"Páànù tí ọmọ yín fi gbé tòlótòló wá ńkọ́?"

Ojú ti Funfun-Báláú. "Ó wà nísàlẹ̀ fíríìjì. Mi ò tíì fọ̀ ọ́. Àbàwọ́n búráùn kan wà nídìí ẹ̀ tó dì bí oje igi, mo fẹ́ fi ọṣẹ líle àti iyanrìn bá a jà kí ọmọ tó dé."

"Ẹ ò fọ̀ ọ́?" Ìyá Ọmọ gbọ́wọ́ méjèèjì sókè. "Ọ̀lẹ gbà wá lónìí! Ẹ bu omi gbígbóná sí i. Ẹ fi ṣíbí igi ha á. Àbàwọ́n yẹn ni mò ń wá."

Ó ha á, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀, nítorí kò sí ìgbà kan rí láyé rẹ̀ tó tọ́jú àbàwọ́n sílẹ̀. Ìdí páànù tú, omi inú rẹ̀ pọ́n bíi tíì, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ti ìkòkò. Nígbà tó yá, ìyàwó ní kó gbé asẹ́. Ọkọ gbé e, ó fẹ́ tún kọjú sí síńkì.

"Bàbá Ọmọ!"

"Mo mọ̀, mo mọ̀!" Ó fi abọ́ sábẹ́ asẹ́. "Eré ni mò ń ṣe."

"Ọwọ́ yín ò ṣeré."

Wọ́n da eegun nù, wọ́n dá omi padà sórí iná. Ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan wọ̀ ọ́, kárọ́ọ̀tì wọ̀ ọ́, ata díẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹran tí Funfun-Báláú ti já sọ́tọ̀ láàárọ̀ ló wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, pé kó má bàa le. Ìyá Ọmọ na ọwọ́, ó gba ṣíbí, ó bu díẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó tọ́ ọ wò. Ọkọ dá èémí dúró.

"Iyọ̀ kù."

Funfun-Báláú bu iyọ̀ sí i. Ìyá Ọmọ tún tọ́ ọ wò. "Ó kù díẹ̀."

Níbí yìí ni ọgbọ́n kan ti wọ orí ọkùnrin náà. Ó fi ìka méjì bu iyọ̀, ó na ọwọ́ sórí ìkòkò, àmọ́ kò ya ìka. Ó dá iyọ̀ padà sínú agolo pẹ̀lẹ́. "Tún tọ́ ọ wò."

Ó tún tọ́ ọ wò. "Kò tíì tó."

"Mo tún fi sí i nísinsìnyí. Wò ó báyìí."

Ṣíbí kan di méjì. Ó ń tọ́ ọ wò, ó ń tọ́ ọ wò, ẹyọ ìrẹsì àti ẹran kéékèèké ń bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ kankan ò wọ ìkòkò mọ́. Níkẹyìn, Ìyá Ọmọ gbé ṣíbí dúró, ó wo ọkọ rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka.

"Ẹ ò fi iyọ̀ sí i."

"Mo fi sí i."

"Ẹ ń purọ́."

"Mò ń purọ́. Ṣé ó ṣì korò lẹ́nu rẹ?"

Ìyá Ọmọ tún bu ṣíbí kan sẹ́nu.

Orí àtẹ̀gùn ni ọmọ wà nígbà tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú ilé: "Ẹ rọra rò ó! Ọbẹ̀ ni, kì í ṣe aṣọ!" Ó rò pé wọ́n ń jà, ó fi eré parí àtẹ̀gùn. Bó ṣe wọlé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àpótí, ìkòkò níwájú rẹ̀, òógùn tín-ín-rín níwájú orí rẹ̀. Bàbá dúró tì í, ó di ṣíbí igi mú, ìrẹsì ti lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀.

"Màámi, ta ló gbé yín dé ibí?"

"Bàbá rẹ ni. Àmọ́ kò fọwọ́ kàn mí."

Wọ́n bu ọbẹ̀ fún ọmọ. Ó jẹ díẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo ẹnu rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ láti sọ òtítọ́ ni. "Ó dùn o," ó ní. "Ó kàn fúyẹ́ díẹ̀ ni."

"Omi àkọ́kọ́ ló ki jù," ni ìyá dáhùn. "Àwọn eku inú gọ́tà ti fi jẹun àárọ̀. Bó o bá rí eku tó sanra ládùúgbò yìí, kí o kí i, ẹbí wa ni."

Wọ́n wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọ rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ojú rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, ojú bàbá bá a lọ. Funfun-Báláú gbé ṣíbí igi sílẹ̀. Àdéhùn ni àdéhùn, ó sì mọ̀ pé abọ́ ọbẹ̀ kan kọ́ ni ìlera.

"Gbé báàgì yẹn wá," ni Ìyá Ọmọ wí.

Ọmọ gbé e wá.

"Wọ yàrá lọ. Bùláńkẹ́ẹ̀tì onílà tó o rà fún mi nígbà tí mo wà nílé ìwòsàn, kó o sínú ẹ̀. Ife ẹlẹ́nu gígùn yẹn, kó o sí i. Ìrọ̀rí gíga náà. Abọ́ ìtutọ́ yẹn pàápàá. Tìrẹ ni gbogbo ẹ̀, ìwọ lo kó wọn wá nígbà tí mò ń ṣàìsàn. Ìyẹn ló máa bá ọ lọ."

"Màámi, ẹ bá mi lọ fún ìgbà díẹ̀ péré. Ara yín ò tíì le."

"Kò tíì le, mo mọ̀. Orúnkún mi ń gbọ̀n níbi tí mo jókòó sí yìí. Àmọ́ bí mo bá lọ sọ́dọ̀ rẹ, bẹ́ẹ̀dì ni wàá tẹ́ fún mi, ògiri ọ̀dọ̀ rẹ ni màá sì dojú kọ. Níbí, bí mo bá dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan, mi ò mọ ohun tí ọkùnrin yìí máa dà nù."

Ọmọ wo bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí."

"Mo gbọ́," ni Funfun-Báláú wí. "Òótọ́ ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ mi."

Ọmọ ní òun gbà, àmọ́ alaalẹ́ ni òun á máa pè wọ́n lórí fóònù, ìyá fúnra rẹ̀ ni kó sì máa sọ ohun tó jẹ. Ìyá ní kò burú. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ gbé báàgì kọ́ èjìká, ẹnu ife ẹlẹ́nu gígùn yọ síta bí orí pẹ́pẹ́yẹ. Aláago ń gòkè bọ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, abọ́ tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ń pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Ṣebí mo wí fún un! Ó dìde àbí kò dìde? Kí n dá káfíńtà padà?"

Funfun-Báláú dá fìlà rẹ̀ padà sórí ìṣó.

Ìyá Ọmọ ò dìde rìn lọ́jọ́ kan ṣoṣo bí inú ìtàn. Ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀: lónìí á dé ojú fèrèsé, lọ́la ó lè rẹ̀ ẹ́, kó padà lọ dùbúlẹ̀. Àmọ́ nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé tó jẹ́ kí àwọn aládùúgbò rò pé ọjọ́ ogbó ti dé sórí alágbàfọ̀ wọn. Bí ó bá ti fọ aṣọ tán, tí omi ọṣẹ inú báàfù ti ṣú, kò ní dà á. Á nà ró, á fọwọ́ mú ìbàdí, á gbójú sókè sí fèrèsé ilé ìdáná, á ké pé:

"Ìyá Ọmọ! Ṣé kí n dà á nù?"

Fèrèsé á ṣí. Orí obìnrin kan á yọ síta, á wo inú báàfù bí ẹni tó ń wo ọbẹ̀, kò ní kánjú rárá.

"Ẹ fi iyọ̀ sí i ná!"

Ẹ̀rín á gba ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà yẹn ni á tó da omi nù.